Ìjì Ńlá Orí Òkun: Bí Ó Ti Ń Dìde, àti Ìdí tí Kì í Fi í Jà ní Etí Òkun Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nípa òjò, ṣùgbọ́n nípa ìjì ńlá orí òkun, ó dà bí ẹni pé ìjì náà ní ọ̀rẹ́, ó sì ní ọ̀tá. Lọ́dọọdún, láti oṣù June títí dé òpin November, ni a ń gbọ́ ìròyìn láti Kúbà, Jàmáíkà, Haiti àti gúúsù Amẹ́ríkà pé ìjì ti wó ilé, ó ti fa igi tu, ó sì ti gbé omi òkun wọ ìlú. Ìròyìn irú bẹ́ẹ̀ a tún máa ti Ìlà-Oòrùn wá, láti Philippines, Ṣáínà, Jàpáánì, Índíà àti Mòsáḿbíìkì. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Kútọnu àti ní Lomé, a kì í rí i. Òkun Atlantic kan náà ni ó ń fọ ẹsẹ̀ Èkó tí ó sì ń fọ ẹsẹ̀ Havana. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́nà kìn-ín-ní, a ní ènìyàn ní ibi tí ìjì náà ń jà. Àwọn ọmọ wa ń gbé Houston àti Miami. Ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa lọ sí Kúbà, àwọn tí a ń pè ní Lucumí níbẹ̀, wà ní Havana àti Matanzas títí di òní, wọn kò sì gbàgbé Ọya tí í ṣe òrìṣà ẹ̀fúùfù. Lọ́nà kejì, àwọn oníṣòwò wa ń retí ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé gba ojú òkun náà kọjá. Lọ́nà kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, ẹni tí ewu kan kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí ni ó yẹ kí ó mọ ìdí rẹ̀ dájúdájú, kí ó má baà fi ẹnu gbéraga pé kò lè dé ọ̀dọ̀ òun láéláé. A óò rí i níwájú pé ìlú ńlá kan ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ojú rẹ̀ sì rí màbo.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya orúkọ sọ́tọ̀, nítorí ìjì ju ìjì lọ. Ààjà ni afẹ́fẹ́ tí ń yí eruku àti ewé ká lójú ọjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni í fi í wà, tí a kò sì ní rí i mọ́. Ìjì òjò ni èyí tí ń ṣáájú òjò ńlá ní oṣù March, April àti May, tí ó sì tún ń padà wá ní October. Òun a máa ṣí òrùlé, a máa wó igi, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí kí ó tó kọjá lọ. Ẹ̀kẹta ni ìjì ńlá tí a ń wí yìí. Òun a máa fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ibùsọ̀ mélòó kan, a máa yípo bí ààjà, a sì máa wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èyí tí a sọ ní Freddy dìde nítòsí Ọsirélíà ní February 2023, ó la òkun Índíà já, ó kọlu Madagascar àti Mòsáḿbíìkì, ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ 5 kí ó tó kú.

Ní òkun Atlantic, hurricane ni orúkọ ìjì yìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Spéìn gbà lẹ́nu àwọn Taíno tí wọ́n ni àwọn erékùṣù náà kí Òyìnbó tó dé. Ní ìhà Ṣáínà àti Jàpáánì, typhoon ni wọ́n ń pè é. Ní òkun Índíà, cyclone ni. Orúkọ ni ó yàtọ̀, ohun kan náà ni. Bí ẹ̀fúùfù rẹ̀ bá ti ń sáré tó ibùsọ̀ 74 ní wákàtí kan ni a tó ń kà á sí hurricane. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ìjì ayípo ni àwa yóò máa pè é.

Báwo ni ó ṣe ń dìde? Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná lọ. Ìyá tí ń se ọ̀lẹ̀ kì í rì í sínú omi. Ó fi igi tàbí ewé tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó to ọ̀lẹ̀ lé e lórí, ó sì dé e. Omi hó, ó di èéfín. Èéfín náà gòkè, ó kan ọ̀lẹ̀ tí ó tutù, ó sì tún padà di omi. Níbi tí ó ti padà di omi yìí ni ó ti jọ̀wọ́ ooru tí ó gbé wá láti ìdí iná, ooru náà ni ó sì mú kí ọ̀lẹ̀ jinná. Ìdí nìyí tí èéfín ìkòkò fi ń bó ènìyàn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo agbára ìjì ayípo wà.

Òkun ni omi inú ìkòkò náà, oòrùn sì ni iná. Nígbà tí oòrùn bá ti ń ràn sí òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi orí rẹ̀ a gbóná, a sì máa di ọ̀rinrin tí ojú kò lè rí, a máa gòkè lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ó gbé ooru òkun dání bí alábàárù ti ń gbé ẹrù. Lókè, níbi tí ó tutù, ọ̀rinrin náà padà di omi, ó di àwọsánmà àti òjò, ó sì sọ ẹrù ooru rẹ̀ kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká. Afẹ́fẹ́ tí ó gba ooru náà fúyẹ́ sí i, ó tún ń gòkè sí i. Bí èyí ti ń gòkè, ààyè ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ láti ìhà gbogbo sì ń sáré wá dí i. Àwọn tí ń sáré bọ̀ yìí náà ń kó ọ̀rinrin lójú òkun bí wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn náà gòkè, wọ́n sọ ooru tiwọn sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí ń tajà ni ó mọ irú ọ̀nà yìí: ó dà bí owó tí a ń fi èrè rẹ̀ kún ojú owó lójoojúmọ́ tí a kò yọ ọ́ ná. Bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí òjò lásán lè di ìjì tí ń fọ́ ìlú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkun gbígbóná ni ó ń bí ìjì. Ohun 5 ni ó gbọ́dọ̀ pàdé. Èkíní, omi òkun gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí í ṣe bí 26.5 lórí ti Celsius, ooru náà sì gbọ́dọ̀ wọlé tó bí ẹsẹ̀ bàtà 150, nítorí ìjì a máa ru omi sókè, bí omi tútù bá sì wà nítòsí nísàlẹ̀, yóò pa iná tí ó ń jẹun lára rẹ̀. Èkejì, afẹ́fẹ́ òkè gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ bí ti ọyẹ́ a máa fa àwọsánmà gbẹ. Ẹ̀kẹta, ìjì kékeré kan gbọ́dọ̀ wà ṣáájú tí yóò jẹ́ irúgbìn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀fúùfù ìsàlẹ̀ àti ti òkè gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan; bí ti ìsàlẹ̀ bá ń fẹ́ sí ìhà kan tí ti òkè sì ń fẹ́ kíkankíkan sí ìhà kejì, wọn yóò fa ìjì náà ya bí ẹni fa aṣọ ya. Ẹ̀karùn-ún ni yíyípo, èyí tí a kò lè ṣe aláìṣàlàyé, nítorí òun ni ó sọ ibi tí ìjì kò lè gbé dìde rárá.

Ayé ń yí lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó dúró lórí ìlà agbedeméjì ayé ń bá a sáré ju ibùsọ̀ 1,000 lọ ní wákàtí kan, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àwa tí a wà ní Èkó ń sáré bí 1,030, nítorí a kò jìnnà sí ìlà náà. Ẹni tí ó wà ní London kò sáré ju bí 650 lọ, nítorí bí a bá ti ń súnmọ́ orí ayé ni òbìrí tí a ń yí ń kéré sí i. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹ̀fúùfù kan gbéra láti ìhà gúúsù lọ sí àríwá. Eré tí ó ti ń bá ilẹ̀ sá láti ibi tí ó ti wá kò kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà ó ń sáré ju ilẹ̀ ibi tí ó dé lọ, ó sì yà sí ìlà-oòrùn, èyí ni pé ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí ó ti àríwá bọ̀ wá sí gúúsù, ilẹ̀ ń sáré jù ú lọ. Ó rẹ̀yìn sí ìwọ̀-oòrùn, òun náà sì yà sí ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀fúùfù gbogbo bá ń sáré bọ̀ wá dí ààyè kan, tí olúkúlùkù sì ń yà sí ọ̀tún, kò sí èyí tí yóò dé àárín gan-an. Yíyí ni wọn yóò máa yí i ká. Báyìí ni ìjì ṣe ń yípo. Ní ìhà àríwá ayé, ó ń yí lòdì sí bí ọwọ́ agogo ti ń yí. Ní ìhà gúúsù, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yà sí, ó sì ń yí bí ọwọ́ agogo ti ń yí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ eré láàárín Èkó àti ìlà agbedeméjì ayé: kò ju ibùsọ̀ díẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti kéré bẹ́ẹ̀, ẹ̀fúùfù kò rí ohun tí yóò mú un yà. Ó sáré tààrà wọ àárín, ó dí ààyè, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí èyí ni ìjì ayípo kì í fi í sábà dìde ní ibi tí kò bá jìnnà tó bí 300 ibùsọ̀ sí ìlà náà, yálà sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, bí omi ibẹ̀ tilẹ̀ gbóná jù gbogbo omi ayé lọ. Àwọn ará Singapore, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà náà, gbé ayé wọn lórí ìdánilójú yìí, àfi ìgbà tí ìjì kan tí a sọ ní Vamei dìde nítòsí wọn ní December 2001, tí ó sì wọ ilẹ̀ Malaysia. Ìyàlẹ́nu ńlá ni fún àwọn onímọ̀, títí di òní ni wọ́n sì fi ń tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó súnmọ́ ìlà náà jù lọ.

Bí ìjì bá ti dàgbà tán, ohun ìyanu kan a máa wà ní àárín rẹ̀ tí a ń pè ní ojú. Ní ojú yìí, ẹ̀fúùfù rọlẹ̀, òjò dá, a sì lè rí oòrùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti jáde síta níbẹ̀, tí wọ́n rò pé ó ti parí, kò sì pẹ́ tí apá kejì fi dé pẹ̀lú ẹ̀fúùfù tí ó ti òdìkejì wá, tí ó sì bá wọn lójú títì. Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ẹ̀fúùfù ni a ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n omi ni ó ń pa ènìyàn jù. Ìjì a máa ti òkun síwájú rẹ̀ bí ẹni fi ọwọ́ gbá omi nínú ọpọ́n, òkun a sì gun orí ilẹ̀ tí kò ga. Ní November 1970, òkun gun ilẹ̀ tí í ṣe Bangladesh lónìí lóru, àwọn tí ó sì kú kò dín ní 300,000. Kò sí ìjì ayípo mìíràn tí a mọ̀ tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ohun kan wà tí yóò ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa lẹ́nu. A ti sọ pé ìjì gbọ́dọ̀ ní irúgbìn. Níbo ni irúgbìn àwọn ìjì Atlantic ti ń wá? Ẹ̀yìnkùlé wa ni! Ní ìgbà òjò, láàárín aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó gbóná tí ó sì gbẹ, àti ìhà etí òkun wa tí ó tutù tí ó sì lọ́rinrin, ẹ̀fúùfù kan ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sókè. Kì í sáré tààrà. Ó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí odò, níbi tí ó bá sì gbé ṣẹ́ kọ́rọ́, àwọsánmà àti òjò a kó jọ síbẹ̀. Ìṣù òjò wọ̀nyí ń gba Sudan, Chad, òkè ilẹ̀ Nàìjíríà, Niger àti Mali kọjá, wọ́n ń jáde sí òkun ní Senegal àti Guinea. Bí 60 irú rẹ̀ ni ó ń jáde lọ́dún kan. Púpọ̀ nínú wọn ń kú láìṣe ẹnikẹ́ni níbi, pàápàá nígbà tí eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ Sàhárà bá bá wọn rìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá yè ni ó ń di ìjì tí àwọn ará ìhà kejì ń sá fún. Bí 85 nínú 100 àwọn ìjì tí ó le jù lọ ní Atlantic, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí kan wá. Ní June 2024, ìṣù òjò kan kúrò ní etí òkun Áfíríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ó ti di ìjì tí a fún ní orúkọ, Beryl. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní July, ó kọlu erékùṣù Carriacou tí í ṣe ti Grenada, díẹ̀ ni ilé tí ó fi sílẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ kejì, ó dé ipò karùn-ún tí í ṣe ipò tí ó ga jù, kò sì sí ìjì Atlantic kankan tí a mọ̀ tí ó tètè dé ipò náà lọ́dún tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó fọwọ́ ba Jàmáíkà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó wọ Texas, ó sì pa iná mànàmáná Houston, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Òjò tí àgbẹ̀ kan ní Áfíríkà rí, tí ó sì dúpẹ́ rẹ̀, ni ó di ẹkún lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Kí ni ó dé tí ìjì náà kì í jà ní Èkó?

Ìdí kìn-ín-ní ni ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Ẹ̀fúùfù ìhà ayé yìí ń ti ìlà-oòrùn gbé ìṣù òjò lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Orí ilẹ̀ ni ó gbà kọjá lọ́dọ̀ wa, ìjì ayípo kò sì lè jẹun lórí ilẹ̀ nítorí kò sí òkun níbẹ̀. Ìgbà tí ó bá jáde ní Senegal ni ó tó rí oúnjẹ, nígbà náà ó ti kẹ̀yìn sí wa, kò sì ní padà. Àwọn erékùṣù Cape Verde, tí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà náà gan-an, kì í sábà rí i, nítorí ìjì a ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tí ó bá ń kọjá lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Fred kọlù wọ́n bí hurricane ní August 2015, wọ́n ní láti yẹ ìwé wò dé 1892 kí wọ́n tó rí irú rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé òkun tí ó wà níwájú wa kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Èkó fúnra rẹ̀ wà ní bí 450 ibùsọ̀ sí ìlà náà, bí a bá sì ti ń tukọ̀ lọ sí gúúsù ni a túbọ̀ ń súnmọ́ ibi tí kò sí yíyípo rárá.

Ìdí kẹta ni àìfohùnṣọ̀kan ẹ̀fúùfù. Ẹni tí ó bá gbé ojú sókè ní Èkó nígbà òjò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i: àwọsánmà ìsàlẹ̀ ń ti òkun bọ̀ wá sórí ilẹ̀, ti òkè sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìjì ayípo kò lè nàró láàárín ẹni méjì tí ń jìjàkadì bẹ́ẹ̀.

Ìdí kẹrin ni pé òkun wa a máa tutù ní àkókò tí kò yẹ kí ó tutù fún ìjì. Ní July, August àti September, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ òkun ru sókè ní etí òkun Ghana àti Ivory Coast, ìtutù náà a sì máa dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀ẹ̀rùn kékeré inú oṣù August, tí òjò fi ń dá ní Èkó tí a sì ń wọ aṣọ tí ó nípọn díẹ̀ ní òwúrọ̀. Omi tútù yìí wà lára ohun tí ń fa á. Nígbà tí Atlantic ti ìhà kejì ń hó bí ìkòkò, tiwa ti tutù.

Irú ìdí wọ̀nyí náà ni ó ń dáàbò bo àwọn ẹlòmíràn. Perú kì í rí ìjì ayípo nítorí omi tútù tí ń ti ìhà gúúsù ayé ṣàn gba etí òkun rẹ̀ kọjá. Bràsíìlì kì í sábà rí i nítorí ẹ̀fúùfù òkè Atlantic ti gúúsù le púpọ̀, irúgbìn ìjì sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà àwọn ìbátan wa ní Bahia ń sùn ní àlàáfíà ju àwọn ti Kúbà lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 March 2004, ìjì kan kọlu ìpínlẹ̀ Santa Catarina ní gúúsù Bràsíìlì, tí agbára rẹ̀ tó ti hurricane. A kò tíì kọ irú rẹ̀ sínú ìwé rí ní ibẹ̀, kò sì sí orúkọ tí a ti pèsè sílẹ̀ fún un. Catarina ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ìlú tí a ṣèlérí. Galveston ni orúkọ rẹ̀, erékùṣù ni ní etí òkun Texas, ìlú oníṣòwò tí ó lówó ni. Ibi tí ó ga jù nínú rẹ̀ kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ojú òkun. Ní 1891, Isaac Cline, ẹni tí ìjọba fi ṣe olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run níbẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí ó bá rò pé ìjì òkun lè ṣe Galveston ní jàǹbá ńlá ń tan ara rẹ̀ ni. Ìlú gbà á gbọ́, wọn kò sì mọ odi dí òkun.

Ní àkókò kan náà, ní Havana, àwọn àlùfáà ilé ẹ̀kọ́ Belén ti ń ṣọ́ ìjì tipẹ́. Benito Viñes, tí ó jẹ́ olórí wọn láti 1870, ti kọ́ bí a ti ń fi àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òkè àti ìyípadà ẹ̀fúùfù mọ ibi tí ìjì wà nígbà tí ó ṣì jìnnà réré. Ní September 1875, ó kìlọ̀ fún Kúbà kí ìjì tó dé, ìjì náà sì dé. Àwọn tí ó jogún ọgbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ ní September 1900, nígbà tí ìjì kan gba Kúbà kọjá. Àwọn ará Belén ní yóò máa lọ sí ìhà Texas. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ọmọ ogun wọn ń ṣe àkóso Kúbà nígbà náà, ní yóò yà sí àríwá lọ sí ìhà Florida. Iléeṣẹ́ wọn sì ti ṣe é tí a kò fi jẹ́ kí àwọn ará Kúbà máa fi wáyà ránṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìjì. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ìjì náà dé Galveston, òkun sì gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ. Ó pa ènìyàn tí kò dín ní 6,000, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní wọ́n tó 8,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó Cline fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni ìlú náà tó mọ odi tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17, tí wọ́n sì fi iyanrìn gbé ìlú sókè.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kì í ṣe pé ọgbọ́n kò sí ní 1900. Ó wà, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí a kò kà sí ni ó ti jáde. A kò sọ èyí láti fi olóògbé ṣẹ̀sín. A sọ ọ́ nítorí pé àwa náà ní ìwà kan tí ó jọ ọ́. Bí apẹja arúgbó bá wo ojú ọ̀run tí ó ní kí ọkọ̀ má ṣí, ọ̀dọ́ a ní ẹ̀rù ń bà á. Bí àwọn NiMet, tí ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún Nàìjíríà, bá kìlọ̀ nípa òjò ọdún, a ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ewu tiwa dájú. Ìjì ayípo kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ìjì òjò jẹ́ tiwa. Ó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Àwọsánmà dúdú a tẹ́ bí ọrun lójú ọ̀run, ooru a mú, afẹ́fẹ́ a dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù a rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí tí ó sì wà létí ọ̀sà, kí ó dúró. Ìjì náà kò ní pẹ́ lọ títí, ọjà kò sì ní tán kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀fúùfù tí ń gbé ọlọ, kí elélùbọ́ máa ká tirẹ̀ sílé. Kí onílé kan òrùlé rẹ̀ mọ́ igi gírígírí kí March tó dé, kí ó má ṣe gbára lé òkúta tí a gbé lé páànù. Ìgbì tí ń jẹ etí òkun wa náà jẹ́ tiwa. Ìjì tí ó ń jà ní ìhà gúúsù Atlantic, tí a kò rí tí a kò sì gbọ́, ni ó sábà máa ń rán an sí wa. Bákan náà ni àgbàrá jẹ́ tiwa, èyí tí a fi ọwọ́ ara wa kún nígbà tí a bá da ilẹ̀ sínú gọ́tà.

Òkun ayé ń gbóná sí i lọ́dọọdún báyìí, àwọn onímọ̀ sì ní àwọn ìjì líle yóò túbọ̀ le sí i, òjò inú wọn yóò pọ̀ sí i, òkun tí ó ń ga yóò sì túbọ̀ wọ ilẹ̀. Yíyípo ayé kò ní yí padà nítorí èyí, ọ̀nà tí ẹ̀fúùfù wa sì ń gbà ṣì ń gbé irúgbìn ìjì kúrò lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà a kò sọ fún ẹnikẹ́ni kí ó bẹ̀rù. Ohun tí a ń sọ ni pé ààbò tí a ní, kì í ṣe ọwọ́ wa ni a fi ṣe é. Ibi tí a gbé tẹ̀dó ni ó fún wa. Ẹni tí a fún ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí ó ti tó, àti ibi tí ó pin sí.

Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ní September tí ń bọ̀ pé ìjì ń lọ sí Kúbà tàbí Florida, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ni. Ó ṣeé ṣe kí ó ti gba òkè orí wa kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bí òjò lásán. Ẹ fi ìwé tàbí ohùn kí àwọn ènìyàn yín níbẹ̀, ẹ sì rán wọn létí pé bí ojú ìjì bá là, tí oòrùn yọ, kí wọ́n má tíì jáde.